Ìjà Mẹ́rìndínlógójì Bàbá Ṣáńpíọ̀n

Kì í ṣe àkùkọ ló ń jí wa nílé Bàbá Ṣáńpíọ̀n ní Ayétòrò. Ìyẹ̀fun ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, a ó ti máa gbọ́ gbì, gbì, gbì láti ilé búrẹ́dì tó wà lẹ́yìnkùlé, bí ẹni pé wọ́n ń na ẹnì kan tí kò lẹ́nu láti fi ké. Bàbá Ṣáńpíọ̀n ni yẹn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, níbi tó ti ń po ìyẹ̀fun lórí tábìlì pákó gígùn. Kì í pò ó bí àwọn oníbúrẹ́dì yòókù ṣe ń pò ó, tí wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ tì í síwájú, tí wọ́n á tún fà á padà. Ẹ̀ṣẹ́ ló máa ń kàn án. Á bọ́ ẹ̀wù sídìí ilẹ̀kùn, á ku ṣòkòtò péńpé, á la ẹsẹ̀ méjèèjì, á wá fi òsì gún un, á fi ọ̀tún tẹ̀ lé e, èémí á máa jáde nímú rẹ̀ fìn, fìn. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo ìlú ń pè ní Màmá Oníbúrẹ́dì, á ti jókòó ti ààrò, á máa kó igi sí i. "Ẹ rọra o," ni Màmá máa ń wí. "Òun kọ́ ló ṣẹ̀ yín." Bàbá kì í fi ẹnu dá a lóhùn. Ẹ̀ṣẹ́ mẹ́ta mìíràn ló máa fi dáhùn, gbogbo agolo tí mo tò sórí pẹpẹ á sì mì jìgìjìgì.

Ọdún kan péré ni mo lò nílé yẹn, àmọ́ tí mo bá ń ro ìgbà èwe mi, òun ló máa ń gba àyè tó pọ̀ jù. Àwọn òbí mi ń dáko ní Ìjòun, nítòsí ibodè, níbi tí iléèwé ti máa ń ṣí lónìí kó tì lọ́la nítorí àìsí tíṣà. Ẹ̀gbádò là ń pe ara wa nígbà náà, orúkọ Yewa ò tíì dé. Bàbá mi gbé mi lé orí ọkọ̀ tó ń kó iṣu lọ sọ́jà, ó fi mí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí n lọ parí ìwé mẹ́fà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mo pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹnu mi sì tóbi ju ara mi lọ. Iṣẹ́ mi ni kí n fọ agolo búrẹ́dì, kí n fi òróró pa inú rẹ̀, kí n sì gbé àtẹ yí àdúgbò ká kí n tó lọ síléèwé. Búrẹ́dì tó bá jóná lẹ́yìn ni tiwa. Màmá á fi ọ̀bẹ ha dúdú ara rẹ̀ dànù, a ó máa kì í bọ inú ògì gbígbóná títí ikùn wa á fi le bí ìlù. Lálẹ́, láfún ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá tí orí ẹja gbígbẹ ń yọjú nínú rẹ̀. Títí di òní, tí mo bá gbóòórùn búrẹ́dì tó ń yan, ọwọ́ mi á máa wá òróró kiri.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò dédé jẹ́ Ṣáńpíọ̀n. Sàláwù lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ni nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó jà l'Ékòó, ó jà n'Íbàdàn, ó sì jà ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, níbi tó ti mú ọ̀rọ̀ Faransé mẹ́ta bọ̀ wálé: bọ̀njúù, mèsí, àti ẹyọ kan tí Màmá ní kò gbọdọ̀ sọ lójú ọmọdé mọ́. Ìgbànú kan tí idẹ ojú rẹ̀ ti ń dúdú wà lórí ìṣó ní pálọ̀, ìbọ̀wọ́ ìjà sì so rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ ní méjì-méjì bí àdán. Pátákó tó wà níwájú ilé, BÚRẸ́DÌ ṢÁŃPÍỌ̀N ni wọ́n kọ sí i pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Ohun tó sì wà lẹ́nu Bàbá láàárọ̀ lálẹ́ ni pé òun ja ìjà mẹ́rìndínlógójì, ẹnikẹ́ni kò sì borí òun rí. Bí oníbàárà bá bi í pé kí ló dé tó fi pa iṣẹ́ náà tì nígbà tí agbára ṣì wà lára rẹ̀, á na ọwọ́ méjèèjì sókè, á ní, "Ta ni kí n tún bá jà? Mo ti nà wọ́n tán." Àwọn èèyàn á pariwo, wọ́n á sì ra búrẹ́dì méjì dípò ọ̀kan. Màmá nìkan ni kì í pariwo. "Ọdún kẹsàn-án rèé tí ẹ ti fi ìjà sílẹ̀," á ní, "lọ́dún tó kọjá mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Ó jọ pé ojú oorun lẹ ti ń ja ìyókù." Òótọ́ ni Màmá ń sọ o. Iye ìjà yẹn máa ń lé sí i lọ́dọọdún. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Iṣu ń ta, ewúrẹ́ ń bímọ, ìjà Bàbá náà ń pọ̀ sí i, bó ṣe yẹ kí ayé rí nìyẹn lójú mi.

Lẹ́yìn ọdún tuntun ni Tíṣà Adéṣínà dé. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ìṣirò ló ń kọ́ wọn níléèwé girama, ó sì wá háyà yàrá tó kọjú sí ìta nínú ilé wa. Ká sọ tòótọ́, èèyàn dáadáa ni, àmọ́ bó ṣe rí ń pani lẹ́rìn-ín. Ó ga, ó tinrín bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n ti fi gbálẹ̀ gbó, gíláàsì ojú rẹ̀ sì nípọn bí ìdí ìgò. Ó ní rédíò kan tó máa ń gbé Faransé Kútọnu wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí òun àti Bàbá fi di ọ̀rẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á gbé àga síwájú ilé, Tíṣà á máa fi ẹ̀wà jẹ búrẹ́dì, Bàbá á sì máa fi ìjà jẹ tirẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ kan ni pé Tíṣà kò lè gbọ́ nọ́ńbà kó má yẹ̀ ẹ́ wò. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mo ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta lẹ bá ja ìjà kẹta?"

"Kìnnìún Àjàṣẹ́," ni Bàbá wí. "Àpá kan wà létí ọ̀tún rẹ̀ báyìí, ó gùn tó ìka mi."

"Ìkẹjọ ńkọ́?"

"Ẹkùn Kútọnu. Ó ga tó ilẹ̀kùn yẹn."

"Ṣé òun náà ò ní àpá?"

Bàbá ronú díẹ̀. "Ó ní."

"Létí ọ̀tún?"

"Létí ọ̀tún."

"Lánàá, nígbà tí ẹ ń sọ nípa Erin Sàkété, ẹ ní wọ́n ti gé òun náà létí rí." Tíṣà bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó ń nù ún sára ẹ̀wù. "Bàbá, mo kàn ń béèrè ni o. Ṣé kì í ṣe ọkùnrin kan ṣoṣo ni kìnnìún, ẹkùn àti erin yìí?"

Bàbá wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Ọkùnrin kan náà ni," ló wí nígbẹ̀yìn. "Bí mo bá ti nà án tán, á lọ pààrọ̀ orúkọ. Ṣé ẹjọ́ tèmi nìyẹn?" Ẹ̀rín pa Màmá débi tí igi ìdáná bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, nítorí ohun tó tẹ̀ lé e, ẹnu tèmi ló dá a sílẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo gbé búrẹ́dì lọ fún Tíṣà ní yàrá rẹ̀. Ó ń máàkì ìwé. Ó mú búrẹ́dì náà dání, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó ní, "Àṣàkẹ́, ìjà bàbá rẹ dà bíi búrẹ́dì wọn. Ó wú, ó dùn ún wò, àmọ́ tó o bá tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀." Ó padà sídìí ìwé rẹ̀, ó ti gbàgbé. Èmi ò gbàgbé. N kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn tó yẹn láyé mi. Mo sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ mi ní kíláàsì, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wọn wọ̀ mí lára, mo bá tún gbé e lé àtẹ pẹ̀lú búrẹ́dì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń pín in káàkiri. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ó ti délé gbogbo. Oníbàárà á mú búrẹ́dì, á tẹ̀ ẹ́, á bi mí pé, "Ṣé ìyẹ̀fun ni àbí ìjà?" Awakọ̀ kan tó ń ná Ìmẹ̀kọ ló sọ ọ́ lójú Bàbá fúnra rẹ̀. Ó rò pé Bàbá ti gbọ́ ni. Mo wà níbẹ̀. Bàbá fún un ní búrẹ́dì rẹ̀, ó fún un ní ṣéńjì, ó ní "mèsí," ó sì wọlé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo wa sùn jù. Kò sí gbì, kò sí gbì. Nígbà tí mo fi máa sáré dé ẹ̀yìnkùlé, oòrùn ti yọ, Bàbá sì wà nídìí tábìlì, ó wọ ẹ̀wù rẹ̀ sọ́rùn, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ti ìyẹ̀fun síwájú, ó ń fà á padà, jẹ́jẹ́, bí àwọn oníbúrẹ́dì yòókù. Búrẹ́dì ọjọ́ náà le bí òkúta. Mo pẹ́ dé iléèwé, wọ́n nà mí, n kò sì sunkún, nítorí mo mọ̀ pé ẹgba náà tọ́ sí mi fún nǹkan mìíràn. Nígbà tí mo darí dé, Màmá wò mí fún ìgbà pípẹ́. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè," ló wí, "òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́." Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó kàn gbé agolo fún mi pé kí n lọ fọ̀ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Tíṣà gbọ́ bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe rìn tó. Ó sáré jáde láti yàrá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá nínú erùpẹ̀, gíláàsì rẹ̀ fò lọ.

"Bàbá, ẹ foríjì mí. Ẹ̀fẹ̀ ni mo ń ṣe. Mi ò mọ̀ pé ó máa jáde."

"Dìde," ni Bàbá wí. "N ò bínú. Tíṣà ìṣirò ni ẹ́, ẹ̀rí lò ń wá, mo sì máa fún ẹ lẹ́rìí. Lọ́jọ́ Sátidé, níwájú ilé yìí, ráùn mẹ́ta. Mi ò ní kàn ẹ́ lẹ́ṣẹ̀ẹ́ kankan. Ìwọ ni kó o máa kàn mí. Bí ọwọ́ rẹ bá lè bà mí lójú lẹ́ẹ̀kan péré, máa yọ Ṣáńpíọ̀n kúrò lára pátákó yẹn."

Màmá jáde láti ìdí ààrò. "Sàláwù!" N kò gbọ́ kó dárúkọ ọkọ rẹ̀ rí. "Ẹ má dán an wò. Ẹ̀yin fúnra yín mọ ìdí tí kò fi yẹ."

"Ìdí wo, Màmá?" ni mo bi í.  Bàbá ti wọ pálọ̀ lọ, ó ń já ìbọ̀wọ́ kúrò lórí ìṣó, ó ń gbọn eruku wọn nù.

Kí n má parọ́, èmi ò gbàdúrà pé kí ìjà náà má wáyé. Mo fẹ́ kí Bàbá dá Tíṣà lẹ́kun kí ọ̀rọ̀ mi lè bá afẹ́fẹ́ lọ. Nígbà tí ọjọ́ Sátidé pé, ìta ilé wa ò gba ẹsẹ̀. Àwọn tó wá nájà láti Ìgbógìlá sọ ẹrù wọn kalẹ̀, àwọn ọmọ girama gun orí igi máńgòrò láti wo tíṣà wọn. Bàbá bu eérú láti inú ààrò, ó fi fa ìlà onígun mẹ́rin sórí ilẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́ àkókò: mo máa ka ení dé ọgọ́rùn-ún, mo máa wá fi ṣíbí lu agolo. Màmá kò jáde. Ó wà nínú ilé, ó ń yan ẹ̀pà tí ẹnì kankan kò ní kó yan. Tíṣà bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó kó o fún mi. Láìsí gíláàsì yẹn, kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín èèyàn àti òpó ilé, ìbọ̀wọ́ sì tóbi lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi ìkòkò dé orí igi.

Ẹ wo ráùn àkọ́kọ́! Tíṣà ju ọwọ́ òsì, Bàbá ti kúrò níbẹ̀. Ó ju ti ọ̀tún, Bàbá tẹrí ba, ó ń bá àwọn èrò sọ̀rọ̀. Nígbà kan, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó na ojú síwájú bí ẹni tó ń wo ọbẹ̀ nínú ìkòkò, Tíṣà gbé ẹ̀ṣẹ́ wá tagbára tagbára, afẹ́fẹ́ ló bá. Ó yí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń kojú sí igi máńgòrò. Àwọn ọmọ rẹ̀ pariwo, "Ẹ̀yìn yín ni wọ́n wà, sà!" Mo ń rẹ́rìn-ín débi tí mo ka ọgọ́ta ní ẹ̀ẹ̀mejì. Mo rí i pé Bàbá máa ń yí ní gbogbo ìgbà, ó máa ń rìn yí Tíṣà po sí ọwọ́ kan náà, mo rò pé àrà ló ń dá. Ráùn kejì rí bẹ́ẹ̀. Ojú Bàbá mọ́lẹ̀ yòò. N kò tíì rí i bẹ́ẹ̀ rí, kódà nídìí tábìlì búrẹ́dì. Èèyàn tó bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà kò tún lè bèèrè bóyá ó jà tàbí kò jà. Ọkùnrin yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ráùn kẹta, ó ti rẹ Tíṣà, ó ń mí bí ẹran ọdún. Mo ti kà dé ọgọ́rin. Ó di ojú rẹ̀ méjèèjì, ó fa ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn jìnnà, ó sì jù ú wá bí ẹni tó ń ju òkò sí ẹyẹ lórí àgbàdo. Ẹ̀ṣẹ́ náà kò yára. Mo rí i bó ṣe ń bọ̀. Ìyá arúgbó tó dúró tì mí rí i, ó ní, "Yéè, ó ń bọ̀ o." Gbogbo wa la rí i, àfi Bàbá. Ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn èrò nígbà tó bà á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ó fìdí jókòó sórí ìlà eérú, pẹ̀ẹ̀.

 Mo gbọ́ bí ẹ̀pà ṣe ń ta nínú agbada Màmá. Tíṣà la ojú, kò rí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wá Bàbá nínú afẹ́fẹ́. Nígbà tó wolẹ̀, ó kígbe, "Mo ti pa Bàbá!" ó sì kúnlẹ̀. "Ẹ yọ̀ ni, sà! Eérú yìí ló yọ̀ yín!"

Bàbá fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó wo ìlà eérú, ó wo àwọn èèyàn tó ti ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. "N ò yọ̀," ló wí, kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Ẹ̀ṣẹ́ ló gbé mi. Àṣàkẹ́, lu agolo yẹn. Wọ́n ti borí mi."

Nínú pálọ̀, Màmá ti gbé omi gbígbóná àti aṣọ ìnura sílẹ̀ bí ẹni pé ó ti mọ̀. Èmi ló gbé abọ́ dání. Tíṣà jókòó sórí àpótí, ó ti wọ gíláàsì rẹ̀ padà, ó sì ń wo Bàbá bó ṣe máa ń wo ìṣirò tí kò jáde bó ṣe yẹ. Ó rọra gbé ìka kan sókè lápá òsì ojú Bàbá, ó mì ín. Bàbá ò ṣẹ́jú. Ó tún un mì. Bàbá ń bá Màmá jiyàn pé omi gbóná jù.

"Bàbá," ni Tíṣà wí jẹ́jẹ́, "láti ìgbà wo?"

 Màmá ló dáhùn. "Ìjà tó jà kẹ́yìn ní Kútọnu. Àtàǹpàkò ẹni tí wọ́n jọ jà wọ inú ẹyinjú rẹ̀. Ó borí, wọ́n fún un ní ìgbànú tó wà lókè yẹn, àmọ́ ojú ò là mọ́. Dókítà ní bó bá tún jà, èkejì náà á lọ."

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa sọ fún aráyé pé afọ́jú ń po búrẹ́dì wọn?" ni Bàbá wí. "Ó sàn kí wọ́n sọ pé mo nà wọ́n tán."

"Ìjà mélòó wá ni, tí ẹ jà lóòótọ́?"

"Méjìdínlógún. Mo sì borí gbogbo wọn. Bí o bá fẹ́, ka alápàá létí yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ku mẹ́rìndínlógún."

Mo rí i bí ètè Tíṣà ṣe ń mì, ó ń ṣírò. "Ìyókù jẹ́ méjìdínlógún. Ọdún mẹ́sàn-án. Méjì-méjì lọ́dún."

"Méjì ni mo máa ń jà lọ́dún," ni Bàbá wí. Ó gba aṣọ ìnura lọ́wọ́ Màmá, ó fi bo gbogbo ojú rẹ̀, abẹ́ aṣọ ló ti ń sọ̀rọ̀. "Bó bá ti di ìgbà òjò, màá jókòó, màá ro ẹni tí ǹ bá bá jà lọ́dún náà, ká ní ojú yìí wà. Màá jà á láti ráùn kìn-ín-ní dé òpin. Ṣé n ò ní borí wọn ni?"

Èmi ń wo Tíṣà. Ẹni tó ń fi ìlà pupa fagi lé ìṣirò ọmọ ọlọ́mọ kò fagi lé èyí. "Ẹ máa borí wọn, sà," ló wí. "Gbogbo wọn pátá." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo sì jẹ́wọ́ pé èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ búrẹ́dì kiri. Bàbá ṣí aṣọ kúrò lójú. "Ta ni kò mọ̀?" ló wí. "Ìwọ nìkan ló ń gbé àtẹ mi kiri ìlú." Ó wo Tíṣà. "Ìwọ náà sì ti bọ́ gíláàsì. Ojú kan ṣoṣo péré ló wà láàárín àwa méjèèjì lóde yẹn." Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Màmá, lẹ́yìn náà ni omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ní kí gbogbo wa wá jẹ ẹ̀pà.

Agbẹ̀bí ni mo fi ìgbésí ayé mi ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá bi mí nísinsìnyí iye ọmọ tí mo gbà sáyé, mo máa ń fi díẹ̀ kún un. Àwọn ọmọ mi máa ń wo ara wọn. Àwọn tí mo fi kún un ni àwọn tí ǹ bá gbà ká ní a ní iná lọ́jọ́ náà, ká ní ọkọ̀ wá, ká ní ìyá wọn tètè dé. Mo mọ ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Nítorí náà, ẹ má retí pé èmi ni màá sọ fún yín pé Bàbá Ṣáńpíọ̀n parọ́. Ó bù mọ́ ọn, ìyẹn dájú. Mo sì tún máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá rántí kìnnìún, ẹkùn àti erin tí etí kan ṣoṣo wà láàárín wọn.

Bàbá ò yẹ àdéhùn. Lọ́jọ́ Àìkú, ó gun àga, ó fi ọ̀dà funfun pa Ṣáńpíọ̀n rẹ́, ó ku BÚRẸ́DÌ nìkan. Ó fẹ́ kọ TÍṢÀ sí i, Tíṣà di ẹsẹ̀ àga mú, ó ń bẹ̀ ẹ́. Kò já mọ́ nǹkan kan, nítorí kò sẹ́ni tó pe búrẹ́dì náà ní orúkọ mìíràn, tí oníbàárà bá sì ti béèrè "Ṣáńpíọ̀n kan," Màmá á mú un fún wọn. Gbì, gbì, gbì padà sẹ́yìnkùlé. Nígbà ìsinmi, Tíṣà mú Bàbá lọ sílé ìwòsàn ojú kan ní Abẹ́òkúta. Dókítà ibẹ̀ ní ti òsì ti lọ, àmọ́ oògùn tí wọ́n ń kán sójú máa pa ti ọ̀tún mọ́. Ó sì pa á mọ́, nítorí títí tí Bàbá fi kú, ó ń rí èèyàn tó fẹ́ gbé búrẹ́dì sálọ láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn èèyàn ìlú kò mọ̀ nípa ojú náà rárá. Ohun tí wọ́n rí ni pé Tíṣà kò jókòó sápá òsì Bàbá mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àríyànjiyàn wọn ti yí padà. Ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, Tíṣà ló ń gbèjà ìjà mẹ́rìndínlógójì, ó ń ṣàlàyé fún awakọ̀ àti aláró pé eérú yọ̀ Bàbá ni. Bàbá ló sì ń ta kò ó. "Mẹ́tàdínlógójì," á ní. "Mo pàdánù kan. Ọmọ Ìjẹ̀bú yìí ló nà mí."

Ní ìparí ọdún ilé ẹ̀kọ́ náà, wọ́n gbé Tíṣà lọ síléèwé mìíràn ní apá Ìjẹ̀bú. Èmi àti Bàbá la sìn ín dé gáréèjì. Bàbá gbé àpótí ìwé rẹ̀ lórí, mo gbé rédíò, Màmá sì ti di búrẹ́dì mẹ́fà fún un, kò sí èyí tó jóná nínú wọn. Tíṣà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú bọ́ọ̀sì, orúnkún rẹ̀ ga tó àgbọ̀n rẹ̀. Obìnrin kan tó gbé àgbébọ̀ méjì lé itan wo àyà Bàbá, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó bi Tíṣà pé ta ni bàbá tó síngbọnlẹ̀ yìí.

"Abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ni wọ́n," ni Tíṣà wí, ó gbé ohùn sókè kí gbogbo ọkọ̀ lè gbọ́. "Ìjà mẹ́rìndínlógójì, ẹnì kan ò borí wọn rí."

"Irọ́ ló ń pa," ni Bàbá wí láti ìsàlẹ̀. "Mẹ́tàdínlógójì ni. Wọ́n borí mi ní ẹ̀ẹ̀kan. Òun tó jókòó tì yín yẹn ló nà mí, ó gbé mi ṣánlẹ̀ níwájú ilé mi."

Obìnrin náà yí padà, ó wo Tíṣà láti orí dé ẹsẹ̀, ọrùn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ bí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ, gíláàsì rẹ̀. Ẹ̀rín gbé e. Gbogbo ọkọ̀ ló bá a rẹ́rìn-ín, awakọ̀ forí lé ìdarí ọkọ̀, àgbébọ̀ ń ké. "Bàbá," ni obìnrin náà wí, ó ń nu ojú, "ẹ̀yin àgbà wọ̀nyí, ẹ máa ń bù mọ́ ọ̀rọ̀ o!"

"Òótọ́ ni mo sọ!" ni Bàbá wí. Ó yà á lẹ́nu gidigidi. Ó wò mí pé kí n jẹ́rìí sí i, mo ní òótọ́ ni, wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Bọ́ọ̀sì ti gbéra. Tíṣà yọ orí láti ojú fèrèsé, ó ń kígbe pé, "Wọ́n yọ̀ ni! Eérú ni!" Bàbá sì ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti pẹ́ tó ti sáré kẹ́yìn, ó ń ké pé, "N ò yọ̀! Ó nà mí ni!" títí ọkọ̀ fi já sọ́nà Abẹ́òkúta, tí eruku sì bò ó.

Nígbà tí mo bá a, ó dúró sójú kan, ó ń mí fìn, fìn. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Mo wò ó dáadáa. Ojú méjèèjì ló fi ọwọ́ nù, títí kan ti òsì.